Iṣẹ́ Ni Kí O Tọrọ, Má Tọrọ Báàjì

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yan olórí akẹ́kọ̀ọ́ ní iléèwé yín, báàjì náà sì ti wọ̀ ọ́ lójú. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí o bá bi mí, mà á ní kí o kọ́kọ́ lọ ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn.

Akọ̀wé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ń kọ, bí wọ́n sì ṣe sọ ọ́ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ì báà má dùn mọ́ ọn nínú. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, yóò dìde kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn. Bí ó bá yí ọ̀rọ̀ ẹnì kan po, olúwarẹ̀ á nawọ́ sókè, wọn á sì tún un ṣe lójú rẹ̀. Ọmọ tó bá ṣe èyí fún ọdún kan ti kọ́ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀ àti bí a ṣe ń gba àtúnṣe láìfajúro. Mo mọ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ tí kò kọ́ ọ títí sáà wọn fi pé.

Àríyànjiyàn fúnra rẹ̀ tún ní tirẹ̀. O lè gbà lọ́kàn rẹ pé olùkọ́ wúlò fún ìlú ju àgbẹ̀ lọ, kí wọ́n wá ní ìwọ ni wàá gbèjà àgbẹ̀. Dandan ni kí o wá ọ̀rọ̀ gidi sọ. Ọjọ́ náà lo máa mọ̀ pé ẹni tó ń ta kò ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Bí agogo bá sì dún pé àkókò rẹ pé, o máa jókòó, adùn ọ̀rọ̀ ì báà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ti pírífẹ́ẹ̀tì tó ń pín koríko gígé ló le jù. Apá kan pápá á jẹ́ koríko rírọ̀, apá kejì á jẹ́ èkan. Ta ni yóò fún ní èkan? Bí ó bá jẹ́ àwọn ọmọ JSS 1 ló ń fún nígbà gbogbo, wọn ò ní lè bá a wí, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbàgbé. Bí òun náà bá mú àdá tó bọ́ sínú èkan, kò ní í pariwo kí wọ́n tó tẹ̀ lé e.

Tai Solarin, olùkọ́ nì, mọ èyí. Nígbà tí òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, oko ríro àti iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní ìyà.

Àwa òbí ayé ìsinsìnyí la ń ba nǹkan jẹ́. Lẹ́sìnnì ti gba gbogbo ọ̀sán ọmọ, a sì tún ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléèwé pé kí wọ́n má fún ọmọ wa ní àdá. Bí bàbá rẹ bá kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, gbé e wá fún mi kí o tó gbé e dé iléèwé. Èmi àti òun la jọ máa sọ ọ́.