ÌLÚWẸ̀Ẹ́ NÍNÚ ADÁGÚN YUNIFÁSÍTÌ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ETÍ Ọ̀SÀ

Ọmọ tí a bí sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú kì í sábà bẹ̀rù omi. Ṣùgbọ́n bí òmùwẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí a fi sìmẹ́ńtì kọ́, tí a sì ní kí ó lọ láti ìgbátí kan dé èkejì, kí ó sì padà láìdúró, ó lè yà á lẹ́nu pé kí ó tó délé, èémí rẹ̀ ti ń já. Kì í ṣe agbára ni kò ní. Orí tí ó gbé sókè ni ó dá a lágara.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí yunifásítì ti súnmọ́ wa ju ti àtijọ́ lọ. Yunifásítì Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, etí ọ̀sà kan náà ni ó wà ní Akọka. Ní 2022 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ Pọlitẹ́kíníìkì Ìkòròdú di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Nóforíjà, Ẹ̀pẹ́, di ara yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ìlúwẹ̀ẹ́ wà lára eré tí àwọn yunifásítì ń fi díje nínú NUGA, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1966.

Adágún ìdíje ńlá gùn ní 50 mítà. Ọ̀pọ̀ mìíràn jẹ́ 25. Okùn ni a fi pín in sí ọ̀nà-ọ̀nà, ìlà dúdú sì wà nísàlẹ̀ tí ojú ń tọ̀. Bí ènìyàn bá pọ̀ lọ́nà kan, ọwọ́ ọ̀tún ni a ń gbà ní ọ̀pọ̀ ibi, gẹ́gẹ́ bí mọ́tò ti ń ṣe ní títì wa láti 1972.

Èémí ni kókó ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ojú wo ìsàlẹ̀, kí ara nà tààrà bí ọkọ̀ tí a gbẹ́ dáadáa. Ẹ máa tú èémí jáde díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Bí apá bá ń jáde, ẹ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi ẹnu gba afẹ́fẹ́, kí ẹ sì dá ojú padà. Bí orí bá gòkè, ẹsẹ̀ yóò rì, ìrìn náà yóò sì dà bí ẹni tí ń gun òkè. Láti ìbàdí ni kí ẹ ti máa gbọn ẹsẹ̀, kì í ṣe láti orúnkún.

Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ 25 mítà, kí ó sinmi títí èémí rẹ̀ yóò fi balẹ̀, kí ó tún lọ. Bí ó bá ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ó ti lọ 100 mítà. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, kí ó máa dín ìsinmi kù. Ìdíje 1,500 mítà, ọgbọ̀n ìgbà ni a óò la adágún 50 mítà já. Kò sí ẹni tí ó fi ọjọ́ kan kọ́ ìyẹn. Lójú tèmi, àwọn ọmọbìnrin ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ pè, nítorí àwọn ìyá wọn ń wọ ọkọ̀ lọ sọ́jà ẹja, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀wẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi gbé lọ lágbàáyé ní 2021. Nítorí náà, ẹni tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú adágún pàápàá gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù amúniléfòó, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, bí ó bá ń wọkọ̀ ní èbúté Ìkòròdú. Lórí ọ̀sà kò sí ìgbátí tí a lè dì mú lẹ́yìn 25 mítà. Kò sí ìlà dúdú nísàlẹ̀, ewéko ń lọ́ mọ́ni lẹ́sẹ̀, ìṣàn omi sì lè gbé òmùwẹ̀ jìnnà sí ibi tí ó ń wò.