Bí A Ṣe Ń Dán Asẹ́ Oníyanrìn Wò

Ẹ mọ omi kànga lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ sì mọ omi kẹ́ẹ̀gì tí mẹ́ruwà ń tì kiri Òṣòdì ní Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ fi iyanrìn sẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wọn rírú rẹ̀, torí ojú lásán máa ń tan èèyàn.

Asẹ́ oníyanrìn ti pẹ́ láyé. Ní 1829, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ James Simpson fi sẹ́ omi odò Thames fún àwọn ará Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1892, kọ́lẹ́rà pa èèyàn tó ju 8,000 lọ ní Hamburg, ní Jámánì. Altona ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Odò Elbe kan náà ni ìlú méjèèjì ń mu, kódà ìdọ̀tí Hamburg ló ń ṣàn bá Altona. Ṣùgbọ́n Altona ń fi iyanrìn sẹ́ omi tirẹ̀, kọ́lẹ́rà ò sì rí wọn gbé ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ni iyanrìn ń ṣe gan-an? Ẹ fara balẹ̀ síbí. Asẹ́ ògì ń mú èèrí nítorí pé èèrí tóbi ju ojú asẹ́ lọ. Ti iyanrìn kò rí bẹ́ẹ̀: kòkòrò àrùn kéré púpọ̀ sí àlàfo tó wà láàárín hóró iyanrìn. Bí omi ṣe ń rọra lọ ló ń ṣiṣẹ́. Omi kì í sọ̀ kalẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 30 lọ ní wákàtí kan, nítorí náà ìdọ̀tí ń ráyè lẹ̀ mọ́ ara iyanrìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, awọ tín-ínrín tó ń yọ̀ á hù sójú iyanrìn. Ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín ló kún inú rẹ̀, wọ́n ń mú ìdọ̀tí, wọ́n sì ń jẹ kòkòrò. Bí iyanrìn bá gbẹ, wọ́n á kú, nítorí náà omi gbọ́dọ̀ máa bò ó ní gbogbo ìgbà.

Ó wá ku ìdánwò. Ẹ wá ọ̀pá gígùn tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ kun àmì dúdú àti funfun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa da omi tí a kò tíì sẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wò ó láti òkè títí àmì yóò fi pòórá, kí ẹ wá wọn gíga omi náà. Ẹ fọ ọ̀pá, kí ẹ fi omi tó jáde lára asẹ́ ṣe bákan náà, lọ́jọ́ kan náà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti yàtọ̀. Bí omi bá ṣe mọ́ sí ni yóò ṣe ga sí kí àmì tó pòórá.

Ẹ̀rọ tí ń tan iná sínú omi, tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká, péye ju ọ̀pá lọ. NTU ni òǹkà rẹ̀. Ká ní 40 ló wọlé, tí 4 sì jáde: asẹ́ ti mú 36 kúrò nínú 40, ìyẹn ìdá 90 nínú 100. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà kò fẹ́ kó ju 5 lọ.

Ẹ má wọn èyí tó jáde nìkan o! Bí òjò ò bá rọ̀, omi kànga lè ti tòrò tẹ́lẹ̀, asẹ́ á wá gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe. Ẹ má sì fi ọjọ́ kìíní dájọ́, torí awọ kò tíì hù, iyanrìn tí a kò fọ̀ dáadáa sì ń da ekuru tirẹ̀ mọ́ omi. Omi tó rú gidigidi á tètè dí asẹ́, ẹ jẹ́ kí omi náà kọ́kọ́ tòrò. Amọ̀ tó kúnná jù ló máa ń yọ́ gba àárín iyanrìn kọjá; ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ asẹ́ fún aráàlú máa sọ èyí jáde.

Rírú omi máa ń bo kòkòrò àrùn mọ́lẹ̀ kí kòlóríìnì má lè rí wọn pa. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ sè é tàbí kí ẹ fi kòlóríìnì sí i kí ẹ tó mu ún, bó ti wù kó mọ́ gaara tó.