Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀: ṣé owó ìfẹ̀yìntì mi ti wọgbó?

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 38 ni mí. Ọ̀gá mi ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra mi, mo ti pàdánù owó ìfẹ̀yìntì mi. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, owó yín ni. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì Nàìjíríà ti ọdún 2014, èyí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín àti èyí tí ilé iṣẹ́ ń fi kún un, inú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ yín ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí oṣù 4 bá kọjá tí ẹ kò ríṣẹ́ mìíràn, ẹ lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ mú lẹ́tà yín lọ bá ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà, kí ẹ sì yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò lóṣooṣù. Oṣù tó bá ṣófo nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, gbèsè ni ilé iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ jẹ yín. Bí wọn ò bá san án, ẹ kọ̀wé sí PenCom, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, tàbí kí ẹ wá agbẹjọ́rò.