Ọ̀kẹ́ Kan àti Okùn Mẹ́rin

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lọ́tẹ̀ yìí: 20,000, tí àwọn baba wa ń pè ní ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí a ṣì ń fi owó ẹyọ ná ọjà, ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì kún ọ̀kẹ́.

Ká ní àwọn méjìlá ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó da owó pọ̀ ní ọgbọọgba, wọ́n ra ìrẹsì, wọ́n tà á, wọ́n sì jèrè ₦20,000. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rìndínlógún, wàhálà kò sí: ₦1,250 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjìlá ńkọ́? ₦1,666 ni ti oníkálùkù, ₦8 sì ṣẹ́ kù. Ẹ sọ ₦8 náà di kọ́bọ̀ nínú ìwé: 66 kọ́bọ̀ tún kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, 8 kọ́bọ̀ tún ṣẹ́ kù! Ta ni yóò mú un? Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń fura sí akápò tí kò jí nǹkan kan.

Ohun tó fà á nìyí. Bí a bá tú 20,000 palẹ̀, 2 márùn-ún àti 5 mẹ́rin ni a sọ di púpọ̀ láti rí i. Kò sí 3 nínú rẹ̀, kò sí 7. Nítorí náà ẹni mẹ́ta, mẹ́fà, méje, mẹ́sàn-án tàbí méjìlá kò lè pín in kó má ṣẹ́ kù. A lè mú 2 láti orí òfo dé márùn-ún, ọ̀nà mẹ́fà nìyẹn. A lè mú 5 láti orí òfo dé mẹ́rin, ọ̀nà márùn-ún. 6 × 5 jẹ́ 30. Nọ́ńbà 30 péré ló pín ọ̀kẹ́ kan láìṣẹ́kù.

Ẹ wá fi okùn mẹ́rin lé e, ìyẹn 160. Ó di 20,160: 2 mẹ́fà, 3 méjì, 5 kan, 7 kan. 7 × 3 × 2 × 2 jẹ́ 84! Láti 1 dé 10, gbogbo wọn ló pín in. 12, 14, 15, 16 àti 18 náà pín in. (11 kò pín in o, ká má parọ́.) Kò sí nọ́ńbà tó kéré sí i tí àwọn tó pín in pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Srinivasa Ramanujan, ará Íńdíà, kọ̀wé lórí irú nọ́ńbà báyìí lọ́dún 1915.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ yá ₦160 kún èrè. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá ń pinnu iye tí wọn yóò jọ tù jọ, tí wọn kò sì tíì mọ iye ẹni tí yóò pín in, 20,160 sàn ju 20,000 lọ. Ní ti èrè tó ti wọlé, kí akọ̀wé kọ ₦8 sí owó ìpamọ́ ẹgbẹ́ lójú gbogbo ìpàdé, kí a tó pín ₦19,992. Lójú tiwa, èyí dára ju kí a ní “ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún akápò” lọ.

Ẹ dán 25,200 wò nílé. Ẹ tú u palẹ̀, kí ẹ ka iye nọ́ńbà tó pín in láìṣẹ́kù: 90 ni kí ẹ bá.