Èdè-Ìperí fún Dídáàbò Bo Iṣan Ọkàn Nígbà Iṣẹ́-Abẹ Fáàfù

Ní 1974, ní Ẹnúgu, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Magdi Yacoub tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, kọ́kọ́ ṣí ọkàn ènìyàn fún iṣẹ́-abẹ ní Nàìjíríà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà títí di òní. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí ó ti Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀sọ́ wá gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fẹ́ ṣe sí i kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Bí ògbufọ̀ bá wí fún un pé, ‘A óò dá ọkàn yín dúró’, ikú ni ó kéde fún un.

Kí á kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ibà oní-làkúrègbé tí ó ń mú àwọn ọmọdé a máa ba fáàfù ọkàn jẹ́. Kí oníṣẹ́-abẹ tó lè tún un ṣe tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ kan ní láti gba iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe. A óò wá fi ẹ̀mú dí òpó-ẹ̀jẹ̀ àgbà, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dé inú iṣan ọkàn mọ́. Iṣan tí ń ṣiṣẹ́ láìjẹun kì í pẹ́ kú. Nítorí náà ni a ṣe ń fún un ní omi-oògùn tútù tí pọ̀tásíọ̀mù inú rẹ̀ ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọkàn yóò dẹ́kun lílù, oúnjẹ tí ó nílò yóò sì dín kù gidigidi. Melrose dán èyí wò ní 1955, ṣùgbọ́n oògùn tirẹ̀ le jù, ó ń pa iṣan náà lára. Ní ọdún 1970 sí 1979 ni àwọn onímọ̀ Lọ́ńdọ̀nù àti Jámánì sọ ọ́ di ohun tí ó ṣeé gbára lé.

Orúkọ wo ni kí á pe oògùn yìí? Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí àwọn dókítà ń lò ní ìtumọ̀ ‘rírọ ọkàn’, bí ẹni tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan rọ. Bí a bá tú u bẹ́ẹ̀, a ṣi ni lọ́nà, nítorí ẹni tí ó rọ kì í sábà dìde. Mo ti rò ó pé kí á pè é ní ‘amọ́kànsinmi’, ṣùgbọ́n oògùn oorun ni ènìyàn yóò rò pé a ń sọ. ‘Ìdaṣẹ́sílẹ̀’ ńkọ́? Ti àwọn òṣìṣẹ́ tí owó oṣù wọn kò dé ni ìyẹn. ‘Omi-oògùn ìdáṣẹ́dúró ọkàn’ ni mo fara mọ́, nítorí pé iṣẹ́ ni ó dúró, kì í ṣe ọkàn.

‘Iṣan’ ni ó le jù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ẹran tí ń sún kì àti fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀kan ni a ń dáàbò bò, èkejì ni oògùn ń bá kọjá. Ẹ jẹ́ kí á fi ‘iṣan ọkàn’ mọ sórí ti àkọ́kọ́, kí á pe èkejì ní ‘òpó-ẹ̀jẹ̀ ọkàn’. ‘Ẹran ọkàn’ ìbá ṣe kedere, ṣùgbọ́n orí àtẹ alápatà ni ó ń gbé ọkàn ẹni lọ.

Ó wu àwọn kan láti sọ pé ‘ilẹ̀kùn ọkàn’ dípò fáàfù. Ní Ògbómọ̀sọ́, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi dá ilé-ìwòsàn sílẹ̀ sí ní 1907, ilẹ̀kùn tí Jésù ń kàn ni ìyá àgbà yóò gbọ́. Àwọn mẹkáníìkì ti ń pe fáàfù tipẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí ń jẹ́ kí nǹkan kọjá síwájú tí kì í jẹ́ kí ó padà ni.

Bí fáàfù òpó-ẹ̀jẹ̀ àgbà bá ń jò, oògùn tí a dà síbẹ̀ yóò ṣàn padà sínú ọkàn láìdé inú iṣan. Nígbà náà, a lè fi í sí ẹnu àwọn òpó-ẹ̀jẹ̀ ọkàn ní tààrà, tàbí kí á gba ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń bá jáde nínú iṣan náà wọlé. Mo dábàá ‘ìbáṣànrìn’ fún ti àkọ́kọ́, ‘ìdojúkọṣàn’ fún èkejì. Bí ẹnì kan bá ní èyí tí ó rọrùn lẹ́nu jù wọ́n lọ, kí ó fi ránṣẹ́.