Páúdà Kì í Fọ Orí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí a bá di irun, tí ọjọ́ tí a ó tú u kò tíì pé, kí ni a ó fi mú ọ̀rá àti eruku kúrò ní orí? Ìbéèrè ńlá ni èyí fún àwa tí à ń gbé Mowe àti Ibafo, létí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti fún ará Ifo tí ó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta.

Àwọn òyìnbó ní páúdà irun tí kò fẹ́ omi. Kì í ṣe ohun titun. Ní 1795 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bu owó orí lé páúdà irun. Sítáàsì inú rẹ̀ a máa fa ọ̀rá mu, wọn a sì fi ooyà gbọ̀n ọ́n dànù. Irun tiwọn nà, ọ̀rá sì tètè ń ti awọ orí dé ṣóńṣó rẹ̀. Tiwa a máa ká. Awọ orí lè kún fún ọ̀rá, kí irun fúnra rẹ̀ gbẹ.

Èmi náà bu páúdà sí kòlẹ́sẹ̀ tí mo dì ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò kan. Ooyà kò ráyè kó o jáde. Òógùn pò ó mọ́ eruku, mo sì ń fi bíírò họ orí ju bí mo ti ń kọ̀wé lọ. Omi ni a fi ń fọ orí. Páúdà kàn ń fa ọ̀rá ni.

Nítorí náà, ẹ rẹ aṣọ funfun sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún un dáadáa, ẹ wé e mọ́ ìka, kí ẹ sì fi nu ojú ìlà kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ìpàkọ́. Ẹ jẹ́ kí orí gbẹ kí ẹ tó wé gèlè. Bí ọjọ́ bá sì pé, ẹ tú irun náà, kí ẹ fọ̀ ọ́.