Odò Gáńgà àti Orúkọ Àwọn Baba Wa

Mo dé Haridwar, ìlú mímọ́ àwọn Híńdù létí odò Gáńgà ní Íńdíà. Yàtọ̀ sí omi tí wọ́n ń wẹ̀, ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀.

Àwọn àlùfáà kan tí wọ́n ń pè ní panda ló ń tọ́jú ìwé ìran. Bí ọmọ bá gbé eérú òkú bàbá rẹ̀ wá sódò, tó dárúkọ ìlú àti ìdílé rẹ̀, panda wọn á ṣí ìwé, á ka orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀, á sì kọ ti òkú tuntun sí i.

Àwa ńkọ́? Ẹnu àgbà ni tiwa wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tètè lọ jókòó ti ìyá àgbà, kẹ́ ẹ gba oríkì lẹ́nu wọn. Orúkọ la fi ń júbà baba wa. Bá ò bá mọ̀ ọ́n, ta la fẹ́ pè?